Ẹ Fún Àdúgbò Ní Ife-Ẹ̀yẹ Tirẹ̀: Lẹ́tà sí Àwọn Alága Kòsọ́fẹ́ àti Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Èkó

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Alága Agbóyì-Kétu, Alága Ìkòsí-Ìṣẹ̀rí, àti ẹ̀yin aláṣẹ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Èkó,

Lẹ́tà tí wọ́n bá ti agbègbè wa kọ sí ìjọba, ọ̀rọ̀ ojú títì, ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀rọ̀ omíyalé ló sábà máa ń kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò tíì tán, àwọn mìíràn á ṣì kọ wọ́n sí yín. Bọ́ọ̀lù ni tèmi. Mo fẹ́ kí ẹ dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ní Kòsọ́fẹ́, ìdíje àjàkú-akátá tí ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan yóò kó bàtà rẹ̀ lọ sílé, tí ẹni tí ó bá sì kù gbẹ̀yìn yóò wọ ìdíje ife-ẹ̀yẹ FA ti Ìpínlẹ̀ Èkó láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò gùn. Ìdí rẹ̀ ló gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Ìkòsí pé ta ni aṣọ́lé Arsenal. Á ti dáhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ẹ wá bi í pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ Ìkòsí, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa wojú yín. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Kò sí ohun tí a fi hàn án. Ní ọjọ́ Sátidé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kún dẹ́nu láti Dẹ́múrìn títí dé Alápẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọn kò dé Manchester rí ń bá ara wọn jà nítorí Manchester. Èmi náà wà láàrin wọn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni gbogbo rẹ̀, a kàn ń sanwó wò ó ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣaláìní agbábọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Kétu mọ̀ pé ọjọ́ ìdìbò ni ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Kí àwọn ọlọ́pàá ṣáà ti dá ọkọ̀ dúró, àwọn ọmọ á ti to òkúta méjì méjì sójú títì, wọ́n á ti pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì, góòlù méjì ni yóò lé sẹ́ẹ̀tì kan kúrò kí òmíràn tó wọlé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá a. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan ti padà sídìí kẹ̀kẹ́, èkejì ń ti ọmọlanke tòmátò nínú ọjà Mile 12, ẹ̀kẹta ń gbé omi inú ọ̀rá sórí láàrin sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Títí ọjọ́ ìdìbò mìíràn.

Mo mẹ́nu ba omi inú ọ̀rá, ẹ sì mọ ibi tí mo ń lọ. Victor Osimhen tà á. Olúsosùn ló dàgbà sí, lẹ́bàá ààtàn ńlá tí ó wà létí Ọ̀jọ́ta, ibi tí ó fara kan wa tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kì í béèrè ìjọba ìbílẹ̀ wo ni kí ó tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún aráyé pé inú ààtàn yẹn ni òun ti máa ń wá bàtà bọ́ọ̀lù. Ní 2015, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní Chile, Nàìjíríà gba ife náà. Ní 2023, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. A máa ń fi ìtàn yìí yangàn, àwọn olóṣèlú wa pàápàá máa ń sọ ọ́ lórí pèpéle. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìtàn Osimhen kò yin àwa tí a wà nítòsí rẹ̀ rárá. Kò sí ìdíje àdúgbò kan tí ó gbé e dìde, àánú Ọlọ́run àti orí kunkun rẹ̀ ló gbé e jáde. Ta ni ó mọye àwọn tí orí tiwọn kò kunkun tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣì ń bẹ ní Ọ̀jọ́ta?

Ẹ wo aládùúgbò wa lápá ibi tí títì Ìkòròdú gbà lọ. Ìkòròdú ní ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀, Ikorodu City, tí ó gòkè wọ líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní 2024. Pápá Mobọ́lájí Johnson ní Oníkàn ni wọ́n ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé wọn, nítorí náà, bí àwọn alátìlẹ́yìn wọn bá ń lọ wò wọ́n, Mile 12 ni wọ́n ń gbà kọjá, wọ́n á gba Kétu, wọ́n á gba Ọ̀jọ́ta. Àwa ń wo bọ́ọ̀sì wọn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 600,000 sí Kòsọ́fẹ́ nìkan. Ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn tó báyìí, iṣẹ́ wa ni pé kí a máa wo bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn?

Ó dára. Kí ló dé tí mo fi ní kí ìdíje yìí jẹ́ ti àdúgbò, tí n kò kàn ní kí ẹ wá olówó kan tí yóò dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ fún wa? Ìtàn ife-ẹ̀yẹ FA fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ọdún 1945 ló bẹ̀rẹ̀, Governor's Cup ni wọ́n ń pè é nígbà náà kí ó tó di Challenge Cup tí àwọn bàbá wa mọ̀. Marine ti Èkó ló kọ́kọ́ gbà á. Railway gbà á títí ó fi fẹ́ sú ènìyàn, ìgbà méje. UAC gbà á ní 1950. ECN, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ayé ọjọ́un, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970. Stationery Stores tí Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀ gbà á ní 1967 àti 1968, wọ́n tún gbà á ní 1982 àti 1990, ẹni tó bá gbọ́njú ní Èkó ní àsìkò yẹn mọ bí ìlú ṣe máa ń rí tí Stores bá borí. Láti 1984 dé 1987, Leventis United ti Ìbàdàn àti Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta ló ń jùmọ̀ gbé e sọ sí ara wọn, ọdún kan fún eléyìí, ọdún kan fún tọ̀hún. Julius Berger gbà á ní 1996, ó tún gbà á ní 2002.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, mọ̀nàmọ́ná, olówó, ilé iṣẹ́ òyìnbó. Kò sí Ìkòsí níbẹ̀, kò sí Mushin, kò sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Owó iṣẹ́ àti àpò ọlọ́lá ló bí wọn, ibẹ̀ náà ni ikú wọn gbà wọlé. Ọ̀gá kan yí ọkàn padà, ilé iṣẹ́ kan ní òun kò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fẹ́ràn parẹ́ bí ẹni pé kò wà rí. Adébájọ̀ kú ní 1969. Stores pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wá di ẹgbẹ́ tí ń kú tí ń jí. Láti ọdún 2002 tí Julius Berger ti gbà á, ẹgbẹ́ Èkó kankan kò tíì gba ife yẹn mọ́. Èkó o! Ìlú tí ó gbà á ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ láìjẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, títí ó fi lé 1952.

Ìbàdàn yàtọ̀ díẹ̀. Shooting Stars ti jẹ́ ti ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti yí orúkọ padà, ó ti já bọ́ láti líìgì àkọ́kọ́, ó ti padà síbẹ̀. Síbẹ̀ kò kú, nítorí pé ará Ìbàdàn kà á kún tiwọn. Ìjọba tó bá ní òun ò ná owó sí i mọ́ yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Kòsọ́fẹ́ ní: ẹgbẹ́ tí àwọn tó ni ín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè pa á.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibì kan tó jìnnà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, wọ́n ní bọ́ọ̀lù tiwọn tí a ń pè ní Gaelic. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Láti 1884 ni ẹgbẹ́ tí ń bójú tó o, GAA, ti wà. Bí wọ́n ṣe ń gbá a kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò, bí wọ́n ṣe to ìdíje àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìjọ tàbí abúlé kan, ọmọ ibẹ̀ ló ń gbá a, wọn kì í sanwó fún un. Wọ́n á kọ́kọ́ bá ara wọn díje nínú àgbègbè wọn tí wọ́n ń pè ní county. Ẹgbẹ́ tó bá borí níbẹ̀ yóò lọ bá àwọn tó borí ní àwọn county yòókù nínú ẹkùn kan náà, Ulster, Munster, Leinster tàbí Connacht. Ìdíje ẹkùn yìí, àjàkú-akátá ni. Wọ́n nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àwọn mẹ́rin tó bá ṣẹ́gun ní ẹkùn mẹ́rin ló ń bá ara wọn wọ̀yá ìjà, àwọn méjì tó bá kù á pàdé ní Croke Park ní Dublin, pápá tí ó gba ènìyàn tó lé ní 80,000. Láti abúlé dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn náà kò já.

Abúlé kan wà ní ẹkùn Ulster, Crossmaglen lórúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 2,000. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà Mile 12 ju gbogbo ìlú wọn lọ. Ní àkókò rògbòdìyàn ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan pápá ẹgbẹ́ náà, wọ́n fi bùdó wọn tì í, hẹlikópítà ń fò lókè orí àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò jáwọ́. Láti 1997 dé 2012, ìgbà mẹ́fà ni Crossmaglen di ẹgbẹ́ tó dára jù lọ ní gbogbo Írẹ́lándì. Kò sí Leventis níbẹ̀, kò sí Abíọ́lá. Bí ẹni tó ń ṣe alága ẹgbẹ́ bá kú, àwọn ọmọ abúlé á yan òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ fi ti òyìnbó kọ́ wa. Èkó ti jẹ nínú àǹfààní àwọn ará Írẹ́lándì yìí tẹ́lẹ̀. Àlùfáà ilẹ̀ wọn kan, Denis Slattery, ló dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956, ilé ìwé tó wà ní Akọ́ka, kò jìnnà sí wa. Bọ́ọ̀lù wà lára ohun tí ó fi tọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Stephen Keshi jáde láti ibẹ̀, Henry Nwosu jáde láti ibẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé girama, Principals' Cup, ni irú wọn ti kọ́kọ́ mọ bí ó ti rí láti gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, àwọn ọmọ ilé ìwé ní àtẹ̀gùn tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mì. Àwọn tó ti kúrò nílé ìwé, tàbí tí kò wọ̀ ọ́ rárá, ni kò ní.

Ní báyìí, ẹ̀yin aláṣẹ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù mí lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdíje FA tirẹ̀, àwọn méjì tó bá dé àṣekágbá ló ń lọ ṣojú ìpínlẹ̀ náà lọ́dọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Ìdíje tó ń mú ẹni tí a kò mọ̀ rí wá síwájú ni. Ní 2021, Bayelsa United tí wọn kò tilẹ̀ sí nínú líìgì àkọ́kọ́ gba ife náà mọ́ Nasarawa United lọ́wọ́. Ní 2025, ní Oníkàn tiwa níbí, Abakaliki FC tí òun náà ń gbá ní líìgì kejì dé àṣekágbá, pẹnáritì ni Kwara United fi rí ọ̀nà lọ. Ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe é, bí ó bá ti rí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yín, ìpínlẹ̀ ni ó wà. Ẹgbẹ́ tó bá ní owó ìforúkọsílẹ̀, tó ní jẹ́sì méjì, tó ní owó ọkọ̀, tó sì mọ ènìyàn, òun ló ń wọlé. Àwọn ọmọ Agílítì kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ìjọba ìbílẹ̀ wà lábẹ́ yín. Ẹ fún un níṣẹ́ ṣe.

Ohun tí mo ń rò nìyí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parapọ̀, kí wọ́n má ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí bàbá ọmọ kan bá tilẹ̀ mọ̀ pé Agbóyì-Kétu ni òun wà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní òdìkejì títì sì jẹ́ ti Ìkòsí-Ìṣẹ̀rí, bọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n. Kí a mú ẹgbẹ́ 32: Ìkòsí, Kétu, Alápẹ̀rẹ̀, Agbóyì, Ògùdù, Ọ̀jọ́ta, Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, Ìṣẹ̀rí, Mágódò, Owódé Onírin, Agílítì, Ajégúnlẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá fẹ̀ lè ní ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní àjàkú-akátá, kì í ṣe líìgì, owó ni. Bí ẹgbẹ́ 32 bá ń bá ara wọn gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 496 ni. Kò sí alága tó lè gbé ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ àjàkú-akátá, 31 péré ni. Mẹ́rìndínlógún lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì, lẹ́yìn náà àṣekágbá. Pápá mẹ́ta, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, oṣù méjì kò ní pé kí ó tó parí. Owó rẹfirí fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 31, owó bọ́ọ̀lù, owó nọ́ọ̀sì kan tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú báńdéèjì àti áísì, owó tábìlì àti àga. Ẹ jókòó kí ẹ ṣírò rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wo iye tí à ń ná sí pátákó ìkíni kú ọdún.

Ọ̀rọ̀ owó náà, ẹ jẹ́ kí n yára kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a dìbò yàn yín. Bí ẹ bá sọ pé owó náà kò tíì máa dé bí ilé ẹjọ́ ṣe wí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò sọ pé ẹ̀yìn tí owó bá pọ̀ ni kí ìjọba ìbílẹ̀ tó máa tọ́jú ibi ìtura àti gbàgede fún àwọn ará ìlú. Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín, pẹ̀lú ọjà àti ibùdókọ̀. Ọjà àti ibùdókọ̀ ń pa owó wọlé, a sì rí i pé ẹ kì í gbàgbé wọn.

Pápá ni ìṣòro gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti gbá félélé ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ti di ibi tí wọ́n ń to tírélà sí. N kò ní sọ pé kí ẹ wó ilé ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ nípa èyí tó kù. Àwọn ilé ìwé ìjọba ní pápá tí géètì wọn ń wà ní títì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n ṣí i fún ìdíje yìí, kí ẹgbẹ́ tó bá lò ó gbá a mọ́. Ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi yanrìn dí etí ọ̀sà, ilẹ̀ gbalasa ti jáde níbẹ̀. Kí wọ́n tó pín in tán fún àwọn tó ń kọ́ ilé olówó ńlá, ẹ bá wa tọrọ ìwọ̀n pápá kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ìwé rẹ̀ sì sọ pé títí ayé ni.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò gbé Agílítì tàbí Ajégúnlẹ̀ rí kò ní mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Ọyán sílẹ̀, pápá di odò, ilé pàápàá di odò. Ẹ má fi ìdíje sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbá a. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti fà, ní oṣù kọkànlá, kí ẹni tó borí ti jáde kí ìforúkọsílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tó dé.

Òfin kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má tẹ̀: ẹni tó bá ń gbé àdúgbò kan tàbí tó kàwé níbẹ̀ nìkan ni kó gbá bọ́ọ̀lù fún un. Gbogbo wa mọ àwọn àyálò tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ gbé wá ní ọjọ́ àṣekágbá, tí wọ́n á gbá góòlù mẹ́ta, tí wọ́n á gba owó, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn mọ́. Òfin ibùgbé yìí náà ló dára jù fún wa nítorí irú ènìyàn tí a jẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba Ambọ̀dé ti ọjà náà pa. N kò gbàgbọ́ pé bọ́ọ̀lù lè wo irú ọgbẹ́ yẹn sàn, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àdúgbò tó gbóná rí. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àdúgbò bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ọmọ aláàárù tó ti Kánò wá tí ó ń gbé Kétu láti ọdún mẹ́fà yóò wọ jẹ́sì Kétu, ọmọ Ìgbò tó ń ta àpótí ẹja níbẹ̀ yóò wọ̀ ọ́, ọmọ onílẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹgbẹ́ Yorùbá tàbí ẹgbẹ́ Haúsá wá síbẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin náà ńkọ́? Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, FC Robo ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé Barcelona. Ìdíje FA àwọn obìnrin wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ àti lọ́dọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá rí ẹgbẹ́ 32 ti obìnrin ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ mú mẹ́jọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje péré ni. Ẹ má sọ ọ́ di àfikún, tí wọn yóò kàn máa gbá a ṣáájú ti ọkùnrin gẹ́gẹ́ bí ohun ìdárayá. Kí wọ́n ní àṣekágbá tiwọn, ní ọjọ́ tiwọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dùn yín. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má fi orúkọ yín sọ ife náà. Àwa ará Kòsọ́fẹ́ ti rí ife Ọnọ́rébù rí, a ti rí ife Alága, a ti rí ife Olùdíje. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwòrán ẹni tó gbé e kalẹ̀ máa ń wà lára jẹ́sì, ẹni tó borí á gba bọ́ọ̀lù méjì àti ìfọwọ́wọ́. Bí ẹni náà bá wọlé, ife rẹ̀ kò ní wáyé lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí ó ti ráyè. Bí kò bá wọlé, ife náà bá a lọ. Ẹ pè é ní Ife-Ẹ̀yẹ Kòsọ́fẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì fi òfin ìjọba ìbílẹ̀ gbé e kalẹ̀, kí ó lè wà nínú ètò ìnáwó ọdọọdún, kí alága tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má lè pa á láìjẹ́ pé ó dìde ní gbangba sọ ìdí. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, orúkọ yín kò ní parẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn mọ ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin aláṣẹ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Èkó, ìpín tiyín kéré sí ti àwọn alága, ṣùgbọ́n òun ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá gba Ife-Ẹ̀yẹ Kòsọ́fẹ́ ní àyè nínú ìdíje ìpínlẹ̀ láìsanwó ìforúkọsílẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn bá ṣe irú rẹ̀, ẹ fún àwọn náà láyè. Ogún ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Bí ẹgbẹ́ ogún bá ti ìsàlẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ó pẹ́ ó yá, ọ̀kan nínú wọn á gbé ife FA padà wá sí Èkó, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló máa ni ín.

Ẹ̀yin alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mọ̀ pé ìwé pọ̀ lórí tábìlì yín. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ yín fún kò náwó: ẹ pe ara yín jọ lọ́jọ́ kan, ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ sí i, kí ẹ sì kéde ọjọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ yóò wáyé kí oṣù kọkànlá tó dé. Bí ẹ bá ti kéde rẹ̀, àwọn ọmọ á wá fúnra wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Ìkòsí kan.